Òjò Rọ̀, Ìsun Gbẹ: Ìrìn Mi Lọ sí Orí Òkè Apó

Ẹni tó bá ní nǹkan lórí iná kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹni tó bá ń tòògbé kó lọ bọ́jú, nítorí bí mo bá ti mú ẹnu lé ọ̀rọ̀ yìí, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni Ọdẹ́tóún, ọmọ Ọdẹ́gbèmí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ẹ̀yìn mi tó tẹ̀ yìí tí ẹ ń fi ẹ̀rín pamọ́ sẹ́nu, ẹ rín in síta. Kí ẹ̀yìn yìí tó tẹ̀, ó ti gbé odidi ìgalà wálé láti òdìkejì òkè láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́nà. Bàbá mi bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n bí ewé bá ti mì, àwọn ọkùnrin náà á ti dé ilé. Èmi obìnrin ni mo tẹ̀ lé e, èmi náà ló sì gbé ìbọn rẹ̀ lé lọ́wọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ẹfọ̀n mọ̀ mí. Ẹkùn mọ̀ mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi àti rẹ̀ kì í kí ara wa. Àmọ́ ohun tí mo lọ dẹ nínú ìtàn yìí kò ní ìwo, kò ní ìrù, kò sì ní pátákò. Omi ni mo lọ dẹ.

Ìlú wa, Apó, wà lẹ́sẹ̀ òkè, ìsun kan ṣoṣo la sì ní. Òtútù là ń pè é. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ìyá tó bí ìyá mi, ẹnikẹ́ni kò rí i kí Òtútù gbẹ rí, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ewúrẹ́ ń lá ògiri nítorí òùngbẹ. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, òjò pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì dé, kì í ṣe òjò tí a mọ̀. Òjò tí a mọ̀ a máa wá bí àlejò tó mọ̀wà hù. Á kọ́kọ́ ṣú, á fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí wa, á wá máa rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ilẹ̀ á fi mu ún yó. Eléyìí dà lù wá bí ìgbà tí ìyàwó tó ń bínú da omi àwo nù. Ó gbá ebè iṣu lọ, ó gbá odó Ìyá Gbéńrọ́ lọ, ó gbé ewúrẹ́ ńlá kan tó lóyún, a ò sì rí òkú rẹ̀. Òjò náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí Òtútù fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ó di tẹ́ẹ́rẹ́, ó di ẹ̀kán, ó di ẹrẹ̀, ó gbẹ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: òjò rọ̀ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa lọ, ìsun sì gbẹ! Ta ni kò ní fura?

A fura. A fura sí ìlú kejì, a fura sí àwọn darandaran tó kọjá, a fura sí ìyàwó tuntun tí kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, gbogbo ìfura náà rọ́ lọ sí ojú kan ṣoṣo. Àwẹ̀ró amọ̀kòkò, ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí a jọ wọ ilé ọkọ lọ́dún kan náà, ló ń wa amọ̀ lẹ́bàá ìsun. Ọdún yẹn gan-an ló sì gbẹ́ kòtò tuntun. Láníyì, ẹni tó ń ṣe olórí àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, ló kọ́kọ́ dìde níwájú Baálẹ̀.

"Baálẹ̀ wa," ó ní, "omi kì í ṣàdédé lọ. Ẹnìkan ló gé iṣan rẹ̀. Ta ni ẹ tún rí tó ń walẹ̀ níbẹ̀?"

Àwẹ̀ró kò dìde. "Láníyì, ìkòkò tí ìyá rẹ fi se oúnjẹ tó sọ ọ́ di géńdé, inú amọ̀ yẹn ló ti wá. Ìyá rẹ kò sọ pé mo gé iṣan kankan."

"Ìyá mi kò sí láyé mọ́."

"Ó dára fún un. Ì bá jókòó síbí kó máa gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń wí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú wọn. Baálẹ̀ ní bí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ bá dé tí a kò tíì mọ ibi tí omi gbà lọ, kí Àwẹ̀ró di ẹrù rẹ̀, kó kúrò nílùú. Ẹ̀yin ọmọ mi, Àwẹ̀ró kò ní ọkọ mọ́, kò ní ọmọ láyé, kò ní ará níbòmíràn. Ibi ìsunkòkò rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni gbogbo ohun tó ní. Bí wọ́n bá lé e, etí igbó ni yóò kú sí. Mo bá a nílé, ó ń ta omi ìkẹyìn sí amọ̀ kó má baà sán.

"Ọdẹ," ó ní, "ìwọ náà ń fura sí mi, àbí?"

"Mo ń fura sí gbogbo èèyàn," mo ní. "Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Lọ fura lọ́nà òkè nígbà náà, kí o jẹ́ kí n parí iṣẹ́ mi."

Mo gbé ìbọn. N kò ní fi bí mo ṣe di àpò àti ohun tí mo jẹ lọ́nà dá yín lágara. Nígbà tí mo dé ibi àpáta tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ òkè, mo rí bàbá arúgbó kan tó jókòó sórí ẹrù rẹ̀. Ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó yí nínú èlùbọ́. Ètè rẹ̀ là yánnayànna, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ sí i. Gbogbo ewé tó wà láyìíká rẹ̀ ń kán fún ìrì, àmọ́ èyí tó wà lórí rẹ̀ gbẹ kakaka. Mo mọ̀ pé eléyìí kì í ṣe ọmọ èèyàn. Mo di ìbọn mú, mo sì kí i, nítorí bàbá mi kọ́ mi pé kí n máa kí ohun tí n bá fẹ́ yìnbọn sí.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ta ni mo ń kí?"

"Ẹni tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ funfun láìtẹ eérú," ó ní. "Ẹni tó ń jẹ́ kí ẹ̀rín dun ọmọdé lẹ́nu."

"Ọyẹ́!" mo kígbe. "Ẹ̀yin lẹ fa omi wa mu! Ta tún ni ì bá jẹ́ bí kò ṣe ẹ̀yin tí ẹ máa ń mu omi ara ewé àti omi ojú èèyàn?"

Ó wúkọ́, eruku jáde. "Obìnrin yìí, bojú wòkè. Àsìkò mi nìyí. Mo dé bí mo ṣe ń dé látayébáyé, mo bá Ooru lórí ìjókòó mi. Mo ní kó dìde, ó ní òun kò tíì ṣe tán. Òjò tó yẹ kó ti lọ náà ṣì ń pariwo lórí òkè. Ọdọọdún ni wọ́n ń dá mi dúró pẹ́ ju ti èṣí lọ. Ìgbà mìíràn, bí mo bá fi máa jókòó, wọ́n á ní ó ti tó, kí n máa lọ. Ṣé ojú ẹni tó ráyè jalè lo rí yẹn?"

"Olè tó bá ń sọkún ni mo máa ń kọ́kọ́ so," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ tún là. "N kì í wọ abẹ́ ilẹ̀, ọmọ ọdẹ. Òkè ni mo ti ń mu tèmi. Bi ẹni tó fẹ́ wọlé tí kò ríbi wọ̀. Àmọ́ n kò ní sọ ọ̀nà tí wàá gbà rí i lásán. Kí ló wà nínú àpò rẹ?"

Òrí ni ó ń fẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọyẹ́ tó ń la gbogbo ayé lẹ́sẹ̀, òrí ni kò ní! Mo fún un ní igbá òrí mi, ó fi pa ètè, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ọmọ tó mu ọmú yó. Ó na ìka sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Mo rìn lọ, mo ń wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí n kò gbà á gbọ́.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn, bí mo ṣe mọ̀ ọ́ rí, òkìtì ọ̀gán ló kún ibẹ̀, ilé ikán, pupa, ṣóńṣó, wọ́n dúró bí ìlú àwọn aràrá. Ẹ mọ̀ pé ní Apó, kò sí ilẹ̀ tó dára fún ògiri àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bí erùpẹ̀ ọ̀gán. Bí a bá pò ó, tí a lù ú, kì í sán, kòkòrò kì í sì gbẹ́ ẹ. Àwọn bàbá wa a máa wa òkìtì kan bí wọ́n bá kọ́lé, wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, gbọ̀ngàn tí àwọn ìlú mìíràn á fi mọ̀ pé a tó bẹ́ẹ̀, Láníyì àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀. Gbogbo ìlú ló pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ tí mo dé lọ́jọ́ náà ń dán bí orí tí wọ́n fá. Mo ní lọ́kàn mi pé bó ṣe dán yẹn dára fún ojú ọdẹ, ẹran kò ní ríbi sá sí. Mo ń ronú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀run dún, tí òjò sọ̀ bí àpò tó já.

Kí n tó rí igi fara tì, ó ti dé. Àgbàrá ni, ṣùgbọ́n n kò rí àgbàrá bẹ́ẹ̀ rí. Kò lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lóǹkà, ara rẹ̀ pupa bí epo. Ó gbé odó Ìyá Gbéńrọ́ sí àyà, ó fi awọ ewúrẹ́ bora, ó sì ń sáré sọ̀kalẹ̀ tòun ti ariwo.

"Olè!" mo ké. "Mo mọ odó yẹn!"

"Ẹ tì mí síta, ẹ tún ń pè mí lólè!" Ohùn rẹ̀ ń ti abẹ́ gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó gbá mi lọ́rùn ẹsẹ̀ mú, mo ṣubú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ mi lọ. "Wá bá mi tú èyí, ìwọ tó gbọ́n! Mo ní ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀ ju irun orí rẹ lọ. Bí mo bá dé, jẹ́jẹ́ ni mò ń wọlé. Mo ń sùn nínú òkùnkùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni mo ń yọ lẹ́sẹ̀ òkè, tí ara mi tutù, tí ojú mi mọ́, tí àwọn obìnrin ń fi igbá pàdé mi. Lónìí mo dé, ilẹ̀kùn kò sí. Ògiri ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibo ni kí n sùn?"

Mo ti fi ìbọn há àárín òkúta méjì, mo rọ̀ mọ́ ọn, ẹrẹ̀ kún ẹnu mi. Ẹni tó ń kú lọ kì í ráyè tú àlọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ọdẹ́gbèmí ni mí, mo ráyè. "Ìwọ ni omi Òtútù!" mo ní. "Ìwọ gan-an ni! Ibi tí o ti ń wọlẹ̀ ni wọ́n dí!"

Ó dẹ ọwọ́ díẹ̀.

"Jẹ́ kí n lọ wá ẹni tó mọ àwọn ilẹ̀kùn náà," mo ní.

"Lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá parọ́ fún mi, àárín ìlú yín ni màá wá sùn."

Ó fi mí sílẹ̀, ó ń bú ramúramù lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ wo orókún mi yìí. Kì í ṣe ogbó ló wọ́ ọ, òun ni.

Mo gun òkè lọ, mo ń tiro. Lẹ́yìn igbó ẹ̀gún kan, níbi tí oyin wà tí àwọn awalẹ̀ Láníyì fi sá, mo rí òkìtì ọ̀gán kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù. Ó ga ju ilé yìí lọ. Ìjàlọ sì ti rí i ṣáájú mi. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n dúdú bí okùn tí wọ́n kì bọ ọ̀dà, wọ́n ń wọ ojú kan tí ọkọ́ ti ṣá lára òkìtì náà. Ohùn kan sì jáde láti inú rẹ̀, ohùn tinrín, ṣùgbọ́n gbogbo ara òkìtì ló ń sọ ọ́.

"Ìyá Ọdẹ, bí o bá wá bá mi sọ̀rọ̀, kọ́kọ́ bá mi dá àwọn àlejò wọ̀nyí padà."

"Ta ló sọ orúkọ mi fún yín?" mo béèrè. Ohun tó bá mọ orúkọ mi kí n tó dá a mọ̀, n kì í fọkàn tán an.

"Ẹsẹ̀ rẹ ti ń kọjá lórí mi láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọdébìnrin. Yára!"

Ẹ̀tù ìbọn mi ni mo ní, inú ìwo ni mo fi pamọ́ sí, omi kò dé ibẹ̀, ìṣáná mi náà sì wà nínú ìwo kejì. Mo da gbogbo ẹ̀tù náà sí ọ̀nà ìjàlọ, mo ṣá iná sí i. Ó bú gbàù! Àwọn tó wà níwájú jóná, àwọn tó wà lẹ́yìn yà sọ́dọ̀ mi. Ẹni tí ìjàlọ bá gun itan rẹ̀ rí ló mọ irú ijó tí mo jó lórí òkè náà. Mo bọ́ aṣọ, mo gbọn ọ́n, mo bú ìran wọn. Nígbà tó rọlẹ̀, mo rá wọ ihò tí ẹranko kan ti gbẹ́ sí ìdí òkìtì rí.

Inú ibẹ̀ tutù. Bí ìta ṣe móoru tó, inú ibẹ̀ tutù bí inú àmù. Nínú yàrá amọ̀ kan ni ìyá ikán dùbúlẹ̀ sí. Ikùn rẹ̀ funfun, ó tóbi bí àpò gàrí, orí rẹ̀ sì kéré bí ẹ̀wà. Kò lè rìn, kò lè yí ara padà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń lá a, tí wọ́n ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, nísàlẹ̀ réré, mo gbọ́ tó, tó, tó. Omi!

"Ẹ̀yin lẹ gbé e pamọ́!" mo ní.

"Èyí tó wọ ọ̀dọ̀ mi nìyẹn, kò sì lè tó ìlú kan mu. Àwọn ọmọ mi máa ń jáde wá oúnjẹ, ibi tí kálukú bá gbà jáde, ihò ni. Ihò lórí gbogbo òkè yìí, ìwọ kò lè kà á. Ibẹ̀ ni òjò ń gbà wọlẹ̀. Òkúta tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbà á dúró, tó sì ń darí rẹ̀ lọ sí Òtútù. Ẹ wó ilé wa, ẹ da kẹrosíìnì sí ìyókù kí a má baà wá jẹ igi òrùlé yín. Àwọn ọmọ mi kú, ihò wọn dí, oòrùn yan ojú ilẹ̀ bí àkàrà. Irú òjò tó ń bọ́ lu ilẹ̀ báyìí kì í ní sùúrù láti wá ihò."

"Láníyì ló da kẹrosíìnì. Ṣé ó mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fura pé ọ̀rọ̀ náà kan òun. Ẹni tó kọ́kọ́ nàka, kí ni ìwọ ọdẹ máa ń rò nípa rẹ̀?"

"Ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà padà," mo ní. "Wọ́n fẹ́ lé ọ̀rẹ́ mi nílùú."

"Màá rán àwọn ọmọ mi sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti gé gbogbo igi tó gbẹ lórí òkè dáná, ebi ń pa wọ́n. Igi òrùlé gbọ̀ngàn yẹn ni mo fẹ́. Gbogbo rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì da nǹkan sí wọn."

Orí mi fò lọ. "N kì í ṣe Baálẹ̀. Ẹ gba ìdí ìbọn mi, igi àtàtà ni, bàbá mi ló gbẹ́ ẹ."

"Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ," ó ní.

Mo wò. Irin nìkan ló kù! Wọ́n ti jẹ ìdí ìbọn bàbá mi tán níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀.

"Ìpanu nìyẹn," ìyá ikán ní.

"Ẹ búra pé omi yóò padà."

"N kò ní búra. Òjò kì í ṣe ọmọ mi. Ìgbà ti yí, ẹ̀yin èèyàn lẹ mọ ohun tí ẹ ń sun tí ojú ọ̀run fi gbóná báyìí. Èmi á ṣe tèmi. Ṣé ìwọ á ṣe tìrẹ?"

Mo fura sí i títí mo fi gbà. Mo ṣì ń fura sí i bí mo ṣe ń rá jáde.

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni mo wọ̀lú. Ẹrù Àwẹ̀ró ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kéré bí ẹrù ọmọ tó ń lọ kí ìyá àgbà. Mo ní kí Baálẹ̀ àti gbogbo ìlú tẹ̀ lé mi, kí kálukú gbé èyí tó bá ní lómi. Wọ́n kùn, wọ́n tẹ̀ lé mi. Mo da omi sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń dán: ó sáré sọ̀kalẹ̀ bí ejò, ó rin bàtà Láníyì. Mo mú wọn dé ìdí òkìtì tó kù, mo da ìkejì: ilẹ̀ gbé e mì, kò kù bẹ́ẹ̀ ni kò ṣẹ́kù. Mo tún dà, ó tún gbé e mì. Mo wá sọ àdéhùn tí mo bá ìyá ikán ṣe.

"Háà!" Láníyì ní. "Ẹ gbọ́ o! Ìyá Ọdẹ ti fi òrùlé wa ta ikán lọ́rẹ! Ta ló rán an? Ṣé kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ní kó wá rojọ́ yìí?"

"Láníyì," Àwẹ̀ró ní, "àná lo fẹ́ lé èèyàn nítorí omi. Lónìí o kò lè yọ̀ǹda igi?"

Baálẹ̀ béèrè iye agolo kẹrosíìnì tó kù nílé Láníyì, ó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá sí iwájú ilé òun. "Orí wọn ni màá gbé àga mi lé," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ bù níbẹ̀ kó wá ní kí n dìde." Ó yíjú sí Àwẹ̀ró. "Tú ẹrù rẹ. Bí Òtútù kò bá wá padà, ọ̀rọ̀ rẹ ṣì ń bẹ nílẹ̀."

Báyìí la ṣe jókòó tí a ń wo ikán bí wọ́n ṣe ń jẹ gbọ̀ngàn wa. Ẹ kò mọ ìyà tó wà nínú kí èèyàn máa gbọ́ kẹ́rẹkẹ̀rẹ lókè orí kó má lè ṣe nǹkan kan. Omi tí à ń mu nígbà náà, ọ̀nà jíjìn la ti ń rù ú, ẹ̀gàn la sì fi ń gbà á lọ́wọ́ àwọn ará ìlú kejì. Bí ọmọ ẹnìkan bá wó sílẹ̀ fún ibà, wọ́n á wo ilé Àwẹ̀ró. Àwọn kan kì í ra ìkòkò rẹ̀ mọ́. Òrùlé wó lọ́sàn-án gangan, páànù balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n lórí òkè, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣóńṣó pupa kéékèèké, òjò tó tẹ̀ lé e dà bíi ti tẹ́lẹ̀, oníwàǹwára, kò sì gbá nǹkan kan dé ìlú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹrẹ̀ Òtútù tutù. Ó kán. Ó wá sun, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó sì mọ́ gaara.

Gbogbo ìlú yí i ká. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹnìkan ní ta ló mọ ohun tí ikán ti ṣe sí i. Ẹlòmíràn ní ta ló mọ ohun tí Àwẹ̀ró ti ṣe sí i. Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró la àárín wa kọjá, ó kúnlẹ̀, ó bu igbá kan, ó mu ún tán. Ó bu ìkejì, ó mu ún. Ó jókòó sórí òkúta, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká jọ dúró de ikú mi."

A jókòó lóòótọ́. À ń wo ikùn rẹ̀, à ń wo ojú rẹ̀, omi ń dún níwájú wa, òùngbẹ ń gbẹ wá, kò sí ẹni tó mira. Oòrùn kan àtàrí. Ọ̀fun Láníyì dún gbìrọ́, gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Àwẹ̀ró bu igbá kẹta, ó nà án sí i.

"Gbà, Láníyì," ó ní. "N kò tíì kú."